Kí ni Mambilla tí wọ́n ń dárúkọ nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ iná bá délẹ̀?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ojúẹlẹ́gba. Ó ti gẹ irun mi dé ìdajì kí iná tó lọ. Bó ṣe ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ níta, rédíò oníbátìrì tó wà lórí pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, wọ́n sì dárúkọ Mambilla. Baba kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì sọ pé ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní rárá, orúkọ mínísítà àtijọ́ kan ni. Onígbàjámọ̀ náà wọlé, ó ní òun rò pé irú ẹ̀rọ kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣàwàdà nínú wọn. Bí ìròyìn ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn láti ọdún yìí wá ni wọ́n ṣe gbọ́ ọ.

Ó dùn mí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe agùnbánirọ̀ ní Gembu, lórí òkè Mambilla gan-an, fún ọdún kan gbáko. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ibi tí àwa ń gbọ́ bí orúkọ iṣẹ́ àpatì, ìyẹn dáàmù iná tí wọn ò tíì kọ́, ìlú tí èèyàn ń gbé ni, tí wọ́n ń ná ọjà, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu rẹ̀, àti èyí tí mo wá kà kún un, ni mo fẹ́ tú palẹ̀ síbí.

## Ṣé èèyàn ni, àbí ilé iṣẹ́, àbí ìlú?

Mambilla ni ilẹ̀ olókè kan ní Ìpínlẹ̀ Tàràbà, ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, níbi tí a ti pààlà pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Orúkọ ẹ̀yà kan tó ń gbé ibẹ̀ náà ni. Ẹ̀yà yìí wà ní ìhà méjèèjì ààlà, bí Yorùbá ṣe wà ní Ìmẹ̀kọ níhìn-ín tó tún wà ní Kétu lọ́hùn-ún, ní orílẹ̀-èdè Benin. Sardauna ni wọ́n ń pe ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, Gembu sì ni ibùjókòó rẹ̀.

Bí mo bá ní òkè, kí ẹ má ṣe máa wo àpáta bíi ti Olúmọ lójú inú. Òkè tó gbòòrò ni, tó fi orí gba ìlú àti abúlé, tó ní gegele àti àfonífojì tirẹ̀, tí koríko bò lọ súà. Ẹ rò ó bíi tábìlì gíga kan: ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ á gun ẹsẹ̀ rẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti dé orí rẹ̀, á rí àyè rìn.

Ó tó nǹkan bí 1,600 mítà tí ó fi ga ju òkun lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé NET àtijọ́ ní Màrínà, èyí tí wọ́n ń pè ní NECOM House báyìí, ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́rùn sókè kó tó rí òpin rẹ̀. Nǹkan bí 160 mítà ni. Bí a bá to irú ilé náà mẹ́wàá léra wọn, orí ìkẹwàá ni àwọn ará Mambilla ń gbé. Òkè tó sì ga jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà, Chappal Waddi, tó jẹ́ 2,419 mítà, kò jìnnà síbẹ̀.

## Kí ló dé tí wọ́n fi ń wọ súwẹ́tà ní ọ̀sán?

Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni ooru ń dínkù. Ní gbogbo 1,000 mítà tí a bá gùn, ooru á fi nǹkan bí dígírì 6 wálẹ̀. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ tí àwa ní Èkó bá ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara wa nínú dánfó, ooru ọ̀sán wọn lórí òkè kì í sábà kọjá dígírì 25. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò fi omi tútù wẹ̀ rí títí òun fi parí ìsìnlú. Aṣọ òtútù tí ó kó bọ̀ sí Yábàá lẹ́yìn ọdún náà, a ò rí ibi tí a máa wọ̀ ọ́ lọ.

Òtútù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan, òun ló pinnu iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ igbó àti ilẹ̀ odò tó máa ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù, tó sì ń kó àrùn oorun bá ẹran àti èèyàn. Kò fẹ́ràn ibi gíga tó tutù. Nígbà tí àwọn darandaran Fúlàní rí i pé koríko ibẹ̀ dára, tí ẹran wọn ò sì ṣàìsàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà lọ́pọ̀ yanturu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Títí dòní, èdè Fúlàní ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ fi ń bára wọn nájà, bí Yorùbá ṣe jẹ́ èdè ọjà ní Òyìngbò.

## Báwo ló ṣe di ara Nàìjíríà?

Ibi tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù nìyí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ń fa àsíá òmìnira sókè ní Race Course, tó ti di Tafawa Balewa Square báyìí, Mambilla kò tíì sí lára Nàìjíríà.

Jámánì ló kọ́kọ́ gba gbogbo ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Wọ́n pàdánù rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì pín in. Ìpín ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fara ti Nàìjíríà, apá àríwá àti apá gúúsù, wọ́n sì ń ṣàkóso rẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà láìsọ pé ó di ti Nàìjíríà. Ẹ wò ó bí ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ nínú ilé: ó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá rẹ̀ kì í ṣe ti ilé náà.

Ní oṣù Kejì ọdún 1961, wọ́n ní kí àwọn aráàlú dìbò: ṣé Nàìjíríà lẹ fẹ́ bá lọ ni, àbí Kamẹrúùnù? Apá gúúsù mú Kamẹrúùnù. Apá àríwá, tí Mambilla wà nínú rẹ̀, mú Nàìjíríà, wọ́n sì wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Orúkọ oyè Ahmadu Bello, Sardauna Sókótó, ni wọ́n fi sọ ẹkùn tuntun náà, òun ló ṣẹ́kù lára ìjọba ìbílẹ̀ náà títí dòní.

Ìdìbò yìí pín ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ sí orílẹ̀-èdè méjì. Àna ẹni wà lọ́hùn-ún, oko ẹni wà níhìn-ín. Àwa náà mọ irú rẹ̀, nítorí bí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi àdéhùn ọdún 1889 gé ilẹ̀ Kétu kúrò lára wa náà nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi àwọn tiwa léèrè kí wọ́n tó fa ìlà náà.

## Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?

Màlúù ló ṣáájú. Ẹran láti orí òkè náà, àti èyí tó sọdá láti Kamẹrúùnù, máa ń bá àwọn àlapatà rìn lọ sí ìlú ńlá. Bí ẹ bá dúró ní Oko Ọba ní Agége láàárọ̀ kùtù, àwọn màlúù tí ẹ óò rí kò ti ibì kan ṣoṣo wá, ilẹ̀ tí wọ́n sì ti jẹ koríko jìn ju bí a ṣe rò lọ.

Tíì ló tẹ̀ lé e, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù láti sọ. Igi tíì kì í ṣe dáadáa ní ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó gbóná. Ibi gíga, òtútù àti òjò ló ń fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí Mambilla ni oko tíì Nàìjíríà fìdí kalẹ̀ sí, ní Kakara, níbi tí Highland Tea ti ń jáde. Ewé ọ̀jẹ̀lẹ̀ orí ẹ̀ka nìkan ni wọ́n ń já. Bí wọ́n bá ti já a, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó bàjẹ́. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ tó ń sè é ṣe gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Ọwọ́ Yorùbá pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn ni ìjọba fi ìwádìí lórí tíì lé lọ́wọ́, wọ́n sì ní ẹ̀ka kan ní Kusuku lórí òkè náà.

Wọ́n tún ń gbin àgbàdo, tó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, wọ́n ń gbin kọfí àti píà, wọ́n sì ń fa oyin. Ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí píà bá dé, ilẹ̀ ló máa ń wà, tí ọmọdé á máa fi jù síra wọn. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò kó o wá sí Máìlì 12. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ wo ọ̀nà.

Ọ̀nà náà ló ni gbogbo ọ̀rọ̀. Láti Èkó dé Gembu ju 1,000 kìlómítà lọ. Láti Jálíńgò, olú ìlú Tàràbà, ó kù ju 300 kìlómítà. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé Mayo Selbe ní ẹsẹ̀ òkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í gun kọ́nà lórí kọ́nà, ògiri òkè lọ́wọ́ kan, ọ̀gbun lọ́wọ́ kejì. Bí òjò bá rọ̀, bí tírélà kan bá kú sójú ọ̀nà, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sùn síbẹ̀. Màlúù lè dúró dìgbà tí ọ̀nà bá là, tíì gbígbẹ náà lè dúró. Píà ò lè dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọjà orí òkè ti ń rú ará Èkó lójú nìyí. A máa ń rò pé ohun tó bá pọ̀ níbì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀pọ́ọ́kú. Ní tòótọ́, owó ọkọ̀ ló ń pinnu iye ọjà. Ẹni tó gbin nǹkan lórí òkè lè máa sunkún pé kò sí oníbàárà, kí ẹni tó fẹ́ rà á ní Èkó náà máa sunkún pé ó wọ́n, ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ohun tí èèyàn á fi pè é ní ẹ̀tàn kò sí níbẹ̀, ọ̀nà ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

## Ṣé sẹ́fà Kamẹrúùnù àti sẹ́fà Kútọnu, ọ̀kan náà ni?

Rárá, èyí sì ti kó ẹni tí mo mọ̀ sí wàhálà rí. Àwọn ìyá wa tó ń lọ ra ọjà ní Dantokpa, ọjà ńlá Kútọnu, mọ sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, dáadáa. Kamẹrúùnù náà ń ná sẹ́fà. Ṣùgbọ́n sẹ́fà méjì ló wà. Báńkì àpapọ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó wà ní Dakar ló ń gbé ti Kútọnu jáde. Báńkì àpapọ̀ àárín gbùngbùn Áfíríkà tó wà ní Yaoundé ló ń gbé ti Kamẹrúùnù jáde. Iye kan náà ni wọ́n: 655.957 sẹ́fà sí yúrò kan, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, ẹ ò lè mú ọ̀kan ná ọjà ní ilẹ̀ ìkejì.

Ẹ fi wé káàdì ìpè. Káàdì 500 náírà ti MTN àti káàdì 500 náírà ti Airtel, iye kan náà la rà wọ́n. Ẹ gbìyànjú kí ẹ kó nọ́ńbà ọ̀kan sínú láìnì ìkejì.

Ohun kejì tó yàtọ̀ ni pé Kamẹrúùnù kò sí nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Òfin tó jẹ́ kí a lè gba Ṣẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu láìgba físà, ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ni. Kò dé Kamẹrúùnù. Ṣùgbọ́n ọjà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ayébáyé ni obì ti ń wá láti ilẹ̀ olókè Kamẹrúùnù gba ọ̀nà yìí lọ sí àríwá, tí iyọ̀ àti aṣọ sì ń gba ibẹ̀ padà. Lónìí, ọ̀kadà ló ń kó ẹrù gba ojú ọ̀nà ẹsẹ̀: ike, ọṣẹ, bisikíìtì àti aṣọ láti Nàìjíríà lọ, màlúù àti irè oko bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọjà ike yẹn, Èkó tàbí Àbá ni wọ́n ti kó wọn.

Ìdí tó fi yẹ kí èyí kan ẹni tó ń ra ẹran ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni pé yúrò ni wọ́n so sẹ́fà mọ́. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní ọdún 2023, sẹ́fà ò bá a já. Màlúù tí wọ́n fi sẹ́fà rà wá di ọ̀wọ́n nígbà tí a bá ṣírò rẹ̀ sí náírà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó tà á ò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ní ìdà kejì, ọṣẹ àti ike tiwa di ọ̀pọ́ọ́kú lójú ará Kamẹrúùnù, wọ́n sì ń rà á lọ wìtìwìtì.

Mi ò ní í sọ pé àlàáfíà ló kún ibẹ̀. Láti ọdún 2017 tí ìjà ti bẹ́ ní apá Kamẹrúùnù tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń sá fógun ti ń sọdá. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ìjà bẹ́ lórí òkè náà láàárín ẹ̀yà Mambilla àti àwọn darandaran Fúlàní, ẹ̀mí ṣòfò, ẹran ṣòfò. Ilẹ̀ koríko ò pọ̀ sí i, èèyàn àti ẹran ló ń pọ̀.

## Kí ló wá kan iná?

Odò Donga ń ṣàn lórí òkè náà, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Benue. Gíga tó ti ń sọ̀ yẹn ló wúlò. Ẹ̀yin tí ẹ ní táǹkì nílé mọ èyí: bí táǹkì bá wà nílẹ̀, omi á máa yọ ṣìnkìn lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ gbé táǹkì kan náà lé irin gíga, omi á tú jáde pẹ̀lú agbára. Dáàmù ni táǹkì náà. Omi tó ń já bọ̀ á yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á fún wa ní iná. Odò ńlá ní ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ nílò omi púpọ̀ kó tó ṣe ohun tí odò tó kéré jù ú lọ lè ṣe láti orí òkè.

Ìwọ̀n iná tí wọ́n ń retí ni mẹ́gáwáàtì 3,050. Mẹ́gáwáàtì kan tó láti gbé áyọ́ọ̀nù bí 1,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Dáàmù Kainji jẹ́ 760, nítorí náà Mambilla á tó Kainji mẹ́rin. Gbogbo iná tó ń wọ orí wáyà orílẹ̀-èdè yìí lọ́jọ́ tó dáa sábà máa ń wà láàárín 4,000 sí 5,000 àti díẹ̀. Ẹ rí ìdí tí gbogbo ìjọba fi ń dárúkọ rẹ̀.

## Kí ló dé tí kò tíì sí?

Ọdún 1972 ni èrò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní ọdún yẹn ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní ọdún 2003 mínísítà iná ìgbà náà gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ kan. Ní ọdún 2017 ìjọba mìíràn tún fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará Ṣáínà ní nǹkan bí bílíọ̀nù 5.8 dọ́là, pé báńkì Ṣáínà á yá wa ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, kí a mú ìdá 15 sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní àdéhùn òun ṣì wà láàyè, wọ́n sì gbé ẹjọ́ lọ sí Paris. Ẹ rò ó bí ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ẹni méjì ní Ìkòròdú: kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀ gbé símẹ́ńtì wá.

Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹjọ́ rárá, ọ̀nà tí píà ò rí gbà sọ̀ kalẹ̀ yẹn náà ni irin àti símẹ́ńtì dáàmù mẹ́rin tó wà nínú iṣẹ́ náà máa gbà gòkè. Ìròyìn kì í sábà sọ èyí.

## Bí wọ́n bá parí rẹ̀, ṣé iná á dúró l'Ékòó?

Mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ iná pín sí. Àwọn kan ń ṣe é. Àwọn kan ń gbé e lórí wáyà ńlá láti ìlú dé ìlú, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni iṣẹ́ yẹn ṣì wà. Àwọn kẹta ń pín in wọ ilé. Ní Èkó, Eko Electricity ló ń pín in fún Erékùṣù àti apá kan ilẹ̀ ńlá, Ikeja Electric sì mú ìyókù. Ó dà bí oúnjẹ níbi ayẹyẹ: ẹni tó ń sè, ẹni tó ń gbé abọ́, ẹni tó ń bù ú. Bí ìkòkò bá kún tí ẹni tó ń gbé abọ́ bá kéré, ebi á pa àlejò.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa. Egbin ní Ìkòròdú lè ṣe mẹ́gáwáàtì 1,320, ó ju Kainji lọ, ìpínlẹ̀ wa ló sì wà. Síbẹ̀ onígbàjámọ̀ Ojúẹlẹ́gba ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, nítorí orí wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná Egbin ń lọ, bí kò bá sì sí gáàsì tàbí bí wáyà ńlá bá já, òkùnkùn dé bá gbogbo wa. Iná láti Mambilla máa ní láti rin ìrìn àjò tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kan ẹnikẹ́ni.

Ìyá tó ni ilé tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ní Gembu bi í ní ìbéèrè kan ní òru ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó ti iná igi. Oko àgbàdo ìyá náà wà nísàlẹ̀, ní ipa ibi tí wọ́n ní omi dáàmù máa bò. Ó ní, "Wọ́n ní kí a kúrò fún omi. Ṣé iná náà máa dé ilé mi kó tó dé Èkó yín?" Ẹ̀gbọ́n mi ní òun wo àtùpà tó wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ò sì rí nǹkan kan fi dá wọn lóhùn.